Wáyà Já, Àyà Ò Gbọdọ̀ Já

Ká ní ìyá àgbà kan jókòó níwájú dókítà ní Houston, tí ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Dókítà ní wáyà tó wọ inú ọkàn màmá ti já. Ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀: "Màmá, wọ́n ní wáyà àyà yín ti já." Kó tó sọ ọ́ tán, àyà màmá fúnra rẹ̀ ti já. Ẹni tó bá fẹ́ kọ èdè àwọn oníṣègùn ọkàn ní Yorùbá, ibí yìí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù, ìfẹ́ àti ìrònú ti ń gbé nínú àyà àti ọkàn wa tipẹ́tipẹ́ kí ẹ̀rọ kankan tó wọbẹ̀.

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa ń tẹ̀ sábẹ́ awọ nísàlẹ̀ èjìká. Láti ara rẹ̀ ni wáyà tín-ín-rín ti ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn lọ. Èyí tó ń ran ọkàn tó ń falẹ̀ lọ́wọ́ láti máa lù déédéé, mo pè é ní amọ́kànlù. Èyí tó ń ṣọ́ ọkàn tó lè ṣàdédé máa gbọ̀n dípò kó lù, tí yóò sì fi iná ta á jí, mo pè é ní atọkànjí. Ní Stockholm, ní ọjọ́ 8 oṣù October 1958, ni wọ́n kọ́kọ́ fi amọ́kànlù sínú ara èèyàn, ìyẹn Arne Larsson. Ẹ̀rọ yẹn kò ṣiṣẹ́ ju wákàtí mélòó kan lọ. Larsson ní tirẹ̀ wà láyé títí di 2001, ó sì lo ẹ̀rọ tó lé ní 20.

Àwọn kan á fẹ́ pe wáyà náà ní okùn. Okùn dùn létí, ṣùgbọ́n okùn kì í gbé iná. Wáyà ni mo mú, nítorí pé tó bá ti wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń tún iná ṣe ládùúgbò ń lò ló máa tẹ̀lé e wọlé: wáyà já, wáyà bó, wáyà ń ṣe páṣà-kọ́ńtáàtì. Ọ̀rọ̀ tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ sàn ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáṣẹ́ fún lọ.

Lórí tábìlì mi, wáyà ṣájà kan wà tí mo ti fẹ́ sọ nù láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Tí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní rí ohun tó ṣe é. Rọ́bà rẹ̀ ṣì ń dán. Àmọ́ tí mo bá kì í bọ fóònù, àfi kí n tẹ ọrùn rẹ̀ sápá kan, kí n fi ìwé gbé e lẹ́sẹ̀. Bí mo bá húkọ́, iná lọ. Gbogbo ilé ló mọ àìsàn rẹ̀: ó ti já nínú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní fracture nìyẹn. Ìwé atúmọ̀ lè ní kíkán ni. Egungun ló ń kán, igi ló ń dá; wáyà tí inú rẹ̀ pínyà nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lódindi, jíjá-nínú ni tirẹ̀.

Jíjá-nínú ló mú Sprint Fidelis, wáyà atọkànjí tí ilé iṣẹ́ Medtronic gbé jáde ní 2004. Wọ́n ṣe é tín-ín-rín, nǹkan bíi mìlímítà 2.2 ní ìbú, kó lè rọrùn láti tì wọ inú iṣan. Ṣùgbọ́n ọkàn máa ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, lílù kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ wáyà náà díẹ̀. Lọ́dún kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù 36. Dókítà Robert Hauser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minneapolis kọ ọ́ síta ní 2007 pé wáyà yìí ń tètè já. Ní October ọdún yẹn ni Medtronic dá títà rẹ̀ dúró, nígbà tí nǹkan bíi 268,000 ti wà nínú ara èèyàn káàkiri ayé.

Wáyà tó já nínú máa ń pariwo ṣááṣáá, bíi rédíò tí kò gba ìkànnì dáadáa. Atọkànjí á gbọ́ ariwo yẹn, á rò pé ọkàn ló ń gbọ̀n, á sì yọ iná sí ẹni tó ń jẹun jẹ́jẹ́ rẹ̀. Àwọn kan gba irú iná bẹ́ẹ̀ léraléra. Gẹ̀ẹ́sì ní iná náà "kò yẹ", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí kò bá òde mu. Ìtají òdì ni mo pè é: a kì í ta ẹni tí kò sùn jí.

Ti Riata, wáyà atọkànjí mìíràn, yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ St. Jude Medical ló ṣe é, wọ́n sì dá títà rẹ̀ dúró ní December 2010. Wáyà inú rẹ̀ ló ń ha èèpo sílíkónì tó bò ó, títí yóò fi yọ síta. Wáyà ilé wa máa ń bó láti ìta, bóyá eku jẹ ẹ́, bóyá oòrùn pa á. Èyí ń bó láti inú, bíi ti kòkòrò tó ń jẹ obì tó jẹ́ pé inú obì ló wà. Àjẹyọ ni mo pè é: ó jẹ èèpo, ó sì yọ.

Èyí tó le jù ni recall. Tí ilé iṣẹ́ mọ́tò bá ní kí ẹ dá mọ́tò padà, ẹ ó wà á lọ, wọn á tún un ṣe. Ta ló fẹ́ dá wáyà inú ọkàn padà? Bó bá ti pẹ́ níbẹ̀, ẹran ara á hù bò ó. Fífà á yọ lè ya iṣan, ó sì lè ya ọkàn fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ ẹni tí Fidelis wọn kò tíì já ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Medtronic tún ṣètò atọkànjí náà kó lè máa dún kìlọ̀ bí wáyà bá ń lọ síbi jíjá. Tí a bá wá pe èyí ní ìdápadà, irọ́ la pa fún aláìsàn; ilé ìwòsàn ló máa sáré lọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kíá. Mo pè é ní ìdátàdúró. Ọjà ló dúró, wáyà ṣì wà níbi tó wà.

Ó ku reliability. Ìfọkàntán lẹnu gbogbo wa máa sáré mú, nítorí ó dùn, ọkàn sì wà nínú rẹ̀. Adùn yẹn ló ń kọ mí lóminú. Èèyàn ló ń fọkàn tán nǹkan. Ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń kà ni iye wáyà tí kò tíì já nínú 100 lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àlòpẹ́ nìyẹn. Àwọn dókítà tó fi Fidelis sára èèyàn fọkàn tán an dáadáa. Àlòpẹ́ ni kò ní.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Houston. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí ọmọ yẹn yí: "Màmá, wáyà ẹ̀rọ yín ló já o." Ẹ̀rọ gba ipò àyà, àyà sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n "já" tí a lò yẹn lójú méjì ní Yorùbá: nǹkan lè já fúnra rẹ̀, ẹnì kan sì lè já a. Màmá mọ èyí kó tó mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ. Á mí kanlẹ̀, á tún gèlè rẹ̀ wé, á sì ní kí ọmọ bá òun bi dókítà: "Ta ló já a?"