Ìtọ́jú Abiyamọ ní Etí Òkun Àgbádárìgì àti Àìsàn tí Ìtìjú Bò Mọ́lẹ̀

Ní Àgbádárìgì, ìlú tí ọ̀sà tẹ́ síwájú rẹ̀ tí òkun sì ń bú lódìkejì ọ̀sà, níbi tí àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ti tẹ̀dó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ ìlú náà sínú ìwé, orí obìnrin ni ẹrù wà. Obìnrin ní ń fá ilẹ̀ oníyọ̀ jọ létí omi, tí ń kó o sínú agbọ̀n, tí ń da omi lé e kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè ro wálẹ̀, tí sì ń se omi oníyọ̀ náà nínú ìkòkò títí yóò fi gbẹ. Obìnrin náà ní ń ru àgbọn láti oko dé èbúté, tí ń ru ẹja àti ẹní lọ sọ́jà, pẹ̀lú oyún nínú tàbí ọmọ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ka ìtàn ìlú yìí yóò bá òwò ẹrú àti epo pupa pàdé níbẹ̀, yóò bá míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 pàdé, yóò sì bá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, pàdé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹrù rírù àti ọmọ bíbí fi ojú ara àwọn ìyá wọ̀nyí rí, kò wọ́pọ̀ kí òpìtàn yà sí i.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Obìnrin kan lè wúkọ́, tàbí kó sín, tàbí kó rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́, tàbí kó tẹ̀ ba láti gbé agbọ̀n rù, kí ìtọ̀ sì já lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ tọ̀. Iṣan kan wà tó tẹ́ sábẹ́ àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ bí ẹní, òun ló gbé wọn ró, òun ló sì ń fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ìrọbí a máa na iṣan yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ikọ́ àwúgbẹ, ìgbẹ́ gbígbẹ, sísanra jù, ẹrù wúwo àti nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró náà sì ń bá a fà á. Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń kà á pé èyí yàtọ̀ gédégédé sí ti obìnrin tí ìtọ̀ ń sun lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ jù: ihò ló dá sí ara ẹni yẹn, iṣẹ́ abẹ ló sì sábà máa ń dí i, kí ó má ṣe jókòó sílé.

Àwọn baba ńlá wa kò fi abiyamọ sílẹ̀ láìtọ́jú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà kì í wà nílé kí ìyá ọmọ dá wà. Bí ìkúnlẹ̀ bá ti já sí ayọ̀, ìyá ọkọ tàbí ìyá tó bí i lọ́mọ a gbé omi kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. A ri aṣọ bọ inú omi gbígbóná, a fún un, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ìyá ọmọ, láti ìhà wá sí ìdodo, léraléra, títí ara rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó lé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n tó fi ọ̀já di ikùn rẹ̀. Títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Lójú tèmi, ìsinmi yìí gan-an ni ògidì oògùn inú àṣà náà, nítorí pé omi gbígbóná a máa tu ara lára (bí kò bá gbóná débi tí yóò bó ni), ṣùgbọ́n omi kò lè fún iṣan lókun, ọ̀já kò sì lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀. Ogójì ọjọ́ a sì pé, ìyá ọmọ a padà sídìí agbọ̀n rẹ̀.

Ohun tí ìtọ́jú àwọn ìyá-àgbà wa kò ní, ìyẹn eré ìdárayá tí ń fún iṣan lókun, ilẹ̀ òkèèrè ló ti jáde wá. Ní 1936, Margaret Morris, oníjó tó tún kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ara tí à ń pè ní fisiotẹ́rápì, pẹ̀lú Minnie Randell ti ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé jáde lórí eré ìdárayá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní 1948, dókítà Arnold Kegel ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa bí obìnrin ṣe lè fi fífún iṣan náà léraléra dá agbára rẹ̀ padà. Ó ṣe ohun èlò kan tí obìnrin yóò fi sí ojú ara, tí ọwọ́ atọ́ka rẹ̀ yóò sì máa fi hàn án bí iṣan rẹ̀ ti lágbára tó. Ní ilẹ̀ wa, ìtọ́jú fisiotẹ́rápì bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó ní 1945, fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọkùnrin ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ mójú tó. Ó dùn mí pé ìmọ̀ tí kò ná ni ní kọ́bọ̀ pẹ́ tó báyìí kí ó tó dé etíìgbọ́ ìyá tó ń ta àgbọn ní Ajárá ní Àgbádárìgì.

Bí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá náà nìyí. Obìnrin yóò fún iṣan náà sókè sínú bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìsó jáde lára rẹ̀, láìfún itan, láìfún ìdí, láìsé èémí; yóò mú un dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, títí yóò fi lè mú un dé mẹ́wàá, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ní ìjókòó kan, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ikọ́ bá ń bọ̀ tàbí bí ẹrù bá fẹ́ gun orí, kí ó kọ́kọ́ fún un. Ẹni tó sanra jù, bó bá fọn díẹ̀, ìtọ̀ náà a dín kù. Òrùka rọ́bà tún wà tí dókítà ń fi sí ojú ara láti gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró, èyí tí a lè yọ nígbàkigbà. Iṣẹ́ abẹ ni ó kẹ́yìn, kò sì yẹ kí a sáré dé ibẹ̀: ní 1996 ni àwọn dókítà gbé okùn àwọ̀n kan jáde tí wọ́n ń fi sábẹ́ ọ̀nà ìtọ̀, ṣùgbọ́n ní 2018 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá lílo rẹ̀ dúró nítorí ìrora tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń jẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbí, ìgbà tí ogójì ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, ni ìyá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Yóò padà ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ìpàdé mẹ́ta nìyẹn pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, kò sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí á bi í pé, “Ìyá Ìkókó, ṣé ìtọ̀ kì í já lára yín bí ẹ bá wúkọ́?”, kí á kọ́ ọ ní fífún iṣan ní ìgbà àkọ́kọ́, kí á wò ó bóyá ó ń ṣe é bó ti yẹ ní ìgbà kejì, kí á sì kọ̀wé lé e lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ onífisiotẹ́rápì ní ìgbà kẹta bí kò bá tíì sí ìyàtọ̀.