Lípíìdì Ni Tàbí Ọ̀rá?

Bí mo bá tún rí i tí wọ́n pe sọfíwià ní “àìrídìmú”, màá bi ẹni tó kọ ọ́ pé, afẹ́fẹ́ ńkọ́? Òjìji ńkọ́? Àwọn náà kò ṣeé dì mú. “Ètò” wà nílé. “Tò” ló ti wá, ohun tí sọfíwià sì ń ṣe nìyẹn: ó ń to iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ètò tó fa ọ̀rọ̀ mi lónìí ni Goslin, tí àwọn onímọ̀ ní Dortmund, nílẹ̀ Jámánì, gbé jáde ní 2020. Ó ń sọ orúkọ lípíìdì (ọ̀rá, epo, ìda àti irú wọn), tí yàrá ìwádìí kọ̀ọ̀kan ń kọ bó ṣe wù ú, di ọ̀kan. Ẹ mú òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní Ṣakí. Ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀rá inú rẹ̀ wà tí ẹnì kan á kọ ní TAG 54:1, tí ẹlòmíràn á kọ ní TG(18:0/18:1/18:0). Ti àkọ́kọ́ ka àpapọ̀ ohun tó wà nínú àwọn ásíìdì ọ̀rá rẹ̀: kábọ̀nù 54, ìdè oníméjì kan. Ti èkejì sọ bí wọ́n ṣe pín in. Goslin ní gírámà tó fi ń ka irú méjèèjì.

Kábọ̀nù, ásíìdì, gírámà: ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wọ̀nyí máa wọlé. Búrẹ́dì ti wọlé tipẹ́.

Lípíìdì gan-an ni wàhálà. Àwọn kan ní ká pè é ní ọ̀rá. Rán ọmọ ní ọ̀rá l'Ìsẹ́yìn, bóyá èyí tí a ń di ẹrù sí ló máa rà bọ̀, ìyẹn kéré. Èyí tó tóbi ni pé lẹ́nu Yorùbá, epo kì í ṣe ọ̀rá, ìda kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ̀yà mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ LIPID MAPS pín lípíìdì sí ní 2005, ẹ̀yà tí kọlẹ́sítẹ́róòlù wà sì yàtọ̀ sí ti ọ̀rá. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní ọ̀rá ti fi orúkọ ọmọ kan pe gbogbo agbo ilé. Lípíìdì ni mo fara mọ́.

Ṣùgbọ́n “tiráyásáìgílísẹ́rọ́ọ̀lù”, tí TAG àti TG dúró fún? Rárá o! Ọ̀rá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi. “Oní” pàdé “ẹsẹ̀”, “n” di “l”, fáwẹ̀lì iwájú bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, bíi ti ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́ran. Gílísẹ́rọ́ọ̀lù ni ara, ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta ni ẹsẹ̀. Yọ ọ̀kan, ó di ọ̀rá ẹlẹ́sẹ̀ méjì, èyí tí wọ́n ń kọ ní DG. Yọ òmíràn, ó di ẹlẹ́sẹ̀ kan, MG. Ọ̀rọ̀ kan bí mẹ́ta, láìwá ìrànlọ́wọ́ níbì kankan. Àìrídìmú kò lè bí ẹnì kankan.

Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò kan kẹ́mísírì. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì ní Òkè-Ògùn, ẹ fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ kíláàsì yín, kí ẹ sì sọ ibi tó bá ti kọsẹ̀ fún wa.