Erinmi tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀

Ta ni yóò ṣe ère tó dára tán, tí yóò tún ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀? Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Erinmi kékeré kan ni à ń wí, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ó lé ní ọdún 3800 tí wọ́n ti gbé e sínú ibojì ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Senbi, ní Meir. Kì í ṣe amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n bí ìkòkò tiwa. Òkúta funfun ni wọ́n lọ̀ kúnná bí èlùbọ́, tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ kan tó jọ káún. Wọ́n ya òṣíbàtà sí i lára, wọ́n sì fi iná sun ún. Bàbà ló sọ ọ́ di búlúù. Ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Òdòdó òṣíbàtà wọn a máa padé lálẹ́, a sì tún ṣí láàárọ̀: lójú wọn, àmì pé òkú yóò tún yè ni.

Ṣùgbọ́n erinmi kì í ṣe ẹran àmúṣeré. Ẹ bi àwọn apẹja: ó lè dojú ọkọ̀ dé. Àwọn ará Íjíbítì sì gbà pé ère lè jí lọ́run. Bí èyí bá jí, Senbi ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi rò pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta.

Láti 1917 ló ti wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ Metropolitan ní New York. William ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ ọmọ èèyàn! Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lẹ́yìn náà ló fi dúró, pẹ̀lú ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀.