Ilé Ńlá Tí Ó Pààrọ̀ Iṣẹ́: Ìtàn Kan Láti Oklahoma City

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi àgbájọ ọwọ́ kọ́ ilé tán, tí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ sì parí, kí ni kí a fi ilé náà ṣe? Ìtàn kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yìí.

Ní 1941, nígbà tí ogun ti gba ilẹ̀ Yúróòpù kan, ìjọba Amẹ́ríkà ń wá ibi tí wọn yóò ti máa tún bàlúù ogun ṣe ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn oníṣòwò àti àwọn sàràkí Oklahoma City kò káwọ́ gbera. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n wá ilẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú, wọ́n sì fi í lọ ìjọba. Ìjọba gbà á, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ní 1942 ni wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Clarence Tinker pe ibùdó náà. Ọmọ ẹ̀yà Osage ni Tinker, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ó ti wà ní Amẹ́ríkà kí àwọn Òyìnbó tó dé, ojú ogun ni ó sì kú sí ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó yìí ni wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí, tí ó gùn ju ìlàjì máìlì lọ, níbi tí ilé iṣẹ́ Douglas ti ń kan bàlúù C-47. Láti 1943 títí di 1945, bàlúù tí ó jáde nínú rẹ̀ ju 5,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kàn wọ́n sì jẹ́ obìnrin. Irú bàlúù yìí ni àwọn àgbà wa mọ̀ sí Dakota, tí ó máa ń gbéra ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún tí ó yí òmìnira wa ká.

Ogun parí ní 1945. Ìjọba kò ra bàlúù tuntun mọ́, ilé ńlá náà sì pa rọ́rọ́. Wọn ì bá ti wó o, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àdán àti òjò. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó Tinker gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àtúnṣe. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é ní Ilé 3001. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì sì gbòde, ibẹ̀ ni a ń kó o lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbígbé irinṣẹ́ wọlé ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì a máa fa afẹ́fẹ́ níwájú, a fún un pọ̀, a da epo sí i, a sì fi iná sí i. Ooru tí ó ń sá jáde lẹ́yìn ni ó ń ti bàlúù síwájú. Nítorí ooru náà, irin inú rẹ̀ a máa sán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí i. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀, kí a fọ ọ̀rá àti èéfín kúrò lára rẹ̀, kí a fi omi kan tí ń tàn lábẹ́ iná wá ibi tí ó sán, kí a tún irin tí ó jẹ ṣe, kí a tò ó padà, kí a sì dán an wò nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn, nítorí ariwo rẹ̀. Ọkọ̀ ogun B-52 kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì mẹ́jọ ni ó ń gbé. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó!

Òtítọ́ kì í ṣe ohun tí òpìtàn ń fi pamọ́. Ní oṣù kọkànlá 1984, iná ńlá jó òrùlé Ilé 3001, ó sì ba iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì jẹ́ gidigidi. Wọ́n tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó burú ju iná lọ ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin, tí à ń pè ní trichloroethylene, ti ń jò láti inú kòtò ìfọǹkan wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ní 1987 ni ìjọba kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí májèlé bà jẹ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí wọn ì bá fi kòtò dáradára dènà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, ìlú kò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1995, nígbà tí ìjọba pinnu láti ti ibùdó Kelly ní San Antonio pa, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì púpọ̀ láti ibẹ̀ wá sí Tinker. Ní 2006 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors tí ó wà nítòsí kógbá sílé. Ní 2008, àwọn ará Oklahoma County dìbò pé kí a fi owó tí ó tó 55 mílíọ̀nù dọ́là ra ilé náà fún ìlò Tinker. Bí àwọn bàbá wọn ti ṣe ní 1941, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ṣe.

Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí a bá ń jíròrò lórí ilé àtijọ́ tí ó wà nílẹ̀ ní ìlú wa, kí a má ṣe kánjú pe àwọn awólé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tuntun tí ilé náà lè ṣe. Bí ilé iṣẹ́ kan bá sì fẹ́ wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí a fi ọ̀yàyà gbà á, ṣùgbọ́n kí a tó bọ ọ́ lọ́wọ́, kí a bi í léèrè pé, “Níbo ni omi ìfọǹkan yín yóò máa ṣàn sí?” Ẹni tí ó bá bèèrè lónìí, ọmọ rẹ̀ kò ní mu májèlé lọ́la.