Láti Ìdí Pẹ̀rẹ́gún dé Ìwé Másítà: Ìmọ̀ Ilẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé

Kí ìwé tó dé, ìdí pẹ̀rẹ́gún ni ìmọ̀ ilẹ̀ wà. Ní Ìbàdàn, Mẹsí Ọ̀gọ́ nílé Olúyọ̀lé, tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ baba kan parí sí kò ní ọ́fíìsì tí yóò lọ. Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tí ó bá baba rẹ̀ roko níbẹ̀ ni yóò forí lé, tí àgbà náà yóò mú un rin ààlà láti ìdí pẹ̀rẹ́gún kan dé ìdí òmíràn, tí yóò sì máa dárúkọ ẹni tí ó gbìn ín àti àwọn tí ó ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ìwé ìgbà náà. Wọn kì í sáà ta ilẹ̀. Wọn a fi ta ènìyàn lọ́rẹ, tàbí kí àlejò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901, tí kòkó sì sọ oko di owó, ni ọ̀rọ̀ yí bìrí.

Ẹlẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn kan náà, rí ìyípadà yìí lójúkorojú. Ní 1942 ni ìjọba sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu, adágún ńlá sì tẹ́ rẹrẹ síbi tí odò ti ń ṣàn. Lórí ilẹ̀ ìjọba bí èyí, pẹ̀rẹ́gún kò wúlò mọ́: òpó kọnkéré kékeré tí a tẹ nọ́ńbà sí lórí ni awọnlẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sì lè bá nọ́ńbà náà pàdé nínú ìwé wá mọ ààlà ju ẹni tí a bí sórí ilẹ̀ náà lọ. Láti 1908 ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó wá fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ níkẹyìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a wọn ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a díye lé e. Àwọn adíyelé tiwa kọ́kọ́ ń wo ẹgbẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1868, kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀, Nigerian Institution of Estate Surveyors and Valuers, ní 1969. Òfin tí ó gbé ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ wọn kalẹ̀ dé ní 1975. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun fi òfin gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé C of O sì di ohun tí à ń dù. Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 tí kò sì jìnnà sí adágún Ẹlẹ́yẹlé, ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ adíyelé yìí.

Nísinsìnyí, ọ̀dọ́ tí ó kàwé iṣẹ́ yìí, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, a máa béèrè bóyá kí òun tọ yunifásítì lọ tààrà láti gba másítà. Èmi a ní kí ó kọ́kọ́ wo ìtàn. Òfin 1975 kò fi másítà ṣe ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ti kàwé iṣẹ́ yìí, tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí ó ti forúkọ sílẹ̀, tí ó sì yege ìdánwò ẹgbẹ́, ni ilẹ̀kùn ń ṣí fún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àkísà náà ni ọdún tí a fi ń tẹ̀ lé ọ̀gá káàkiri, tí ọmọ onílẹ̀ ń dá wa dúró, tí a sì ń wo ògiri tí omi ti mu láti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra ìwé o. Ẹni tí ó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì kò lè yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ní HND, tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi ojú tín-ín-rín wò, lè fi másítà bo ìtìjú tí kò yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé PGD ni wọn yóò sábà ní kí ó kọ́kọ́ ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ka ìtàn tàbí èdè lè fi másítà ọdún kan wọ inú iṣẹ́ náà láti ìta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, kí ni ó tún ń kan ilẹ̀kùn sí? Kí ó ṣiṣẹ́ ná, títí ìbéèrè tirẹ̀ yóò fi dé, kí ó tó gbé e lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹlẹ́yẹlé náà ni a ti lè rí irú iṣẹ́ tí mò ń wí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ títí adágún Ẹlẹ́yẹlé fi kún àkúnya. Omi gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú ní Ìbàdàn. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ tí yóò kápá omíyalé nílùú, títún ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ṣe sì wà lára rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wáyé láìwó ilé, kò sì yẹ kí ilé wó láìsí owó gbà-máà-bínú. Ẹni tí yóò díye lé ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó ka yàrá, kí ó wo páànù, kí ó bi ìyá onílé ní ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òǹtẹ̀ tí ó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lu ìwé náà nísàlẹ̀.