Ètò Ìmeèlì Tó Ń Gbóná Mọ́ Kọ̀ǹpútà: Ohun Tí Ojú Ń Rí ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Bí ètò ìmeèlì bá gba agbára ọpọlọ kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn ètò yòókù lọ́wọ́, ẹni tó jókòó tì í kì í pẹ́ mọ̀. Fáànù á máa hó, ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù á gbóná débi tí kò ní ṣeé gbé lé itan, lẹ́tà téèyàn sì tẹ̀ á pẹ́ kó tó yọjú.

Ọ́fíìsì àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá oníbàárà kó ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, láti Máfolúkù dé Àjàó Estate, ni a ti lè wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Inú ìmeèlì ni iṣẹ́ wọn wà: air waybill, Form M, PAAR, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé bí àwòrán ìwé tí wọ́n ṣe ní scan. Wọn kì í pa lẹ́tà rẹ́, torí kọ́sítọ́ọ̀mù lè béèrè ìwé ẹrù tó ti jáde tipẹ́. Fáìlì tí a so mọ́ ìmeèlì tún máa ń sanra lọ́nà: báìtì mẹ́ta-mẹ́ta ni ètò ń sọ di lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin kó tó fi ránṣẹ́, nítorí náà ìwé 3MB á di nǹkan bíi 4MB. Kó ọdún mẹ́wàá irú rẹ̀ jọ sínú láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ kan, kí o wá wò ó.

Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lórí Windows ni Task Manager, tí Ctrl, Shift àti Esc ń ṣí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣi nọ́ńbà ibẹ̀ kà. Wọ́n rí 50% níwájú Outlook tàbí Thunderbird, wọ́n ní ìdajì ṣì kù. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá jẹ́ oní-core méjì, iṣẹ́ tó ń gba core kan ṣoṣo kò lè kọjá 50% yẹn. Ó ti lo gbogbo èyí tó lè lò tán. Lórí oní-core mẹ́rin, 25% ni yóò kọ.

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kíkà ni. Láti ẹ̀dà 3 Thunderbird, tó jáde lọ́dún 2009, ni ètò náà ti ń ka gbogbo lẹ́tà látòkè délẹ̀, tó ń to ọ̀rọ̀ inú wọn sínú àkójọ kan kó lè tètè rí wọn bí a bá ń wá nǹkan. Ó yẹ kó parí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, kó sì sinmi. Níhìn-ín, iná ni kì í jẹ́ kó parí. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ti kú tipẹ́, wáyà ló ń mí fún un. Aago mẹ́wàá àárọ̀, NEPA mú iná (orúkọ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu wa), kí ọmọ ọ́fíìsì tó fa okùn jẹnẹrétọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti ṣú. Fáìlì àkójọ tó ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́ níbẹ̀, Thunderbird á sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti Outlook kò yàtọ̀ púpọ̀: á sọ pé wọn kò pa fáìlì náà dé dáadáa, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká format ẹ̀" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe, yálà lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì tàbí ní Òtìgbà ní Ìkẹjà. Lójú tèmi, ìyẹn ló burú jù. Bó bá jẹ́ POP ni ọ́fíìsì ń lò, orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni lẹ́tà lè wà, wọ́n á sì bá a lọ. Bó bá jẹ́ IMAP, ètò á tún gba gbogbo rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, á tún un kà látòkè.

Nínú Thunderbird, Activity Manager tó wà lábẹ́ Tools máa ń fi hàn bí kíkà náà bá ń lọ lọ́wọ́. Bó bá ń yí po lórí fódà kan náà, wọ́n á pa ètò náà dé, wọ́n á yọ global-messages-db.sqlite, ìyẹn fáìlì àkójọ náà, kúrò nínú fódà profile. Kò sí lẹ́tà tó máa sọnù, torí ibòmíràn ni lẹ́tà wà. Ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá nǹkan lè pa kíkà náà pátápátá nínú Settings. Compact náà ṣe pàtàkì, nítorí lẹ́tà tí a pa rẹ́ ṣì ń gbé inú fáìlì títí a ó fi ṣe é.

Ní ti Outlook, outlook.exe /safe máa ń ṣí i láìsí add-in kankan. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn add-in ló jẹ̀bi. SCANPST.EXE ló ń tún fáìlì PST, níbi tí Outlook ń tọ́jú lẹ́tà sí, ṣe bó bá fọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Títí dé Outlook 2002, PST kò gbọ́dọ̀ kọjá 2GB; láti 2010, ó dé 50GB, èèyàn sì lè máa kó jọ láìmọ̀ pé ó ti pọ̀. Áńtífáírọ́ọ̀sì tó ń yẹ fáìlì ńlá bẹ́ẹ̀ wò léraléra tún ń dá kún un.

Bátìrì tuntun máa ń yanjú ọ̀rọ̀ náà ju bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń rò lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á pín lẹ́tà sí ọdún-ọdún, wọ́n á yọ ti àtijọ́ kúrò nínú Inbox sínú fáìlì tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí di ọjọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá béèrè rẹ̀.