Ẹnití Nwọ́n Ní kò Lè Jẹ Bíṣọ́pù: Ọ̀rọ̀ lórí Samuel Àjàyí Crowther

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan mbẹ tí a ngbọ́ nígbàgbogbo, nínú ilé àti nínú ìjọ, nígbàtí ẹnìkan bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun tí ẹlòmíràn kò ṣe rí. Nwọn a ní, "A kì í ṣe é." Bí a bá bi wọ́n pé tani kì í ṣe é, àti nítorí kíni, ìdáhùn kì í tètè wá. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ nã jẹ́ ọgbọ́n àwọn àgbà, tí ó sì npa ènìà mọ́ kúrò nínú ewu. Àwa kò wá láti gàn án. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí kò ní ìdí kan ju pé ẹnìkan ti kọ́ sọ ọ́, tí gbogbo ènìà sì gbà á gbọ́. Irú ìgbàgbọ́ bẹ̃ ni a fẹ́ tú wò li òní, nípa ìtàn ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín.

Nwọ́n kó Àjàyí li ẹrú ní Òṣogùn li ọdún 1821, nígbàtí ó tó bí ọmọ ọdún 12. Nwọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Li oṣù kẹrin ọdún 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̃sì gba ọkọ̀ nã, nwọ́n sì mú àwọn ẹrú inú rẹ̀ gúnlẹ̀ ní Sàró. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̃ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ẹ̀yin ti mọ gbogbo èyí, nítorínà a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí a kì í sábà rò ni pé, ní Sàró li ọjọ́ wọnnì, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti èdè Gẹ̃sì ti di ọ̀kan nínú ọkàn àwọn ènìà. Àwọn tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ti ìlú púpọ̀ wá, èdè wọn kò dọ́gba, èdè Gẹ̃sì ni ó sì so wọ́n pọ̀. Nínú rẹ̀ ni nwọ́n kọ́ ìwé, nínú rẹ̀ ni nwọ́n kọ́ àdúrà. Díẹ̀díẹ̀ ó wá dàbí ẹnipé èdè ìyá wọn wà fún ọjà àti fún inú ilé nìkan. Kò sí ẹnití ó ṣe òfin bẹ̃, àṣà ni.

Ní 1843 a fi Crowther jẹ àlùfã, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá sì jáde li ọdún kannã. Ní ọjọ́ 9 oṣù kíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn li èdè Yorùbá ní Freetown. Òun tìkararẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tí a bí òun sí ni, ahọ́n òun wúwo li ọjọ́ nã bí ti ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nihin. Ọkùnrin yĩ gbọ́ Yorùbá dáradára. Ohun tí ó ṣòro fún un ni láti gbé ohun mímọ́ lé orí èdè tí àṣà ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mímọ́. Nígbàtí ó sì parí, àwọn ènìà dáhùn pé, "Kí ó ṣẹ!" Kò sí òyìnbó tí ó kọ́ wọn li èyí. Bẹ̃ ni a ti ndáhùn àdúrà ní ilé bàbá wa kí a tó gbọ́ Àmín, ó sì bọ́ sí ipò rẹ̀ láìsí ìnira.

Láti ìgbà nã lọ ó ntọ àwọn àgbà lọ, onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, ó nfetí sí òwe àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì nkọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ìwé tí ó ti fi ọdún 11 kójọ sì jóná. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1884 odindi Bíbélì wà li èdè Yorùbá, èso iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nísisìyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ le. Ní 1851, nígbàtí ìròhìn nlọ pé ó ṣe é ṣe kí a fi Crowther jẹ bíṣọ́pù, Henry Townsend ti Abẹ́òkúta kọ̀wé láti tako ó. Townsend kì iṣe ọ̀lẹ tàbí ọ̀tá. Òun ni ó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859, ó sì fẹ́ràn Ẹ̀gbá. Nítorí èyí gan-an ni àṣìṣe rẹ̀ fi yẹ kí a kíyèsí. Ó ní ènìà dúdú nbọ̀wọ̀ fún òyìnbó, Ọlọ́run sì ti fi ọ̀wọ̀ nã lé òyìnbó lọ́wọ́ fún ire ènìà dúdú. Bí a bá fi dúdú ṣe olórí, iṣẹ́ yíò bàjẹ́. Ẹ wò ó bí a ti mọ ilé nã: kò sọ pé Crowther kò gbọ́n tó. Àwa ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Ó ní àwa ni kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Ó dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì iṣe irọ́ pátápátá. Àwọn kan wà nínú ènìà wa nígbànã, nwọ́n sì wà lẹ́hìn wọn, tí ìwãsù kannã wúwo fún wọn ní ẹnu òyìnbó tí ó sì fúyẹ́ ní ẹnu ọmọ ìlú. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, ayé a bá a fi kólẹ̀. Ìyàtọ̀ tí a rí ni pé Townsend pe àbùkù yĩ ní ìlànà Ọlọ́run, nígbàtí Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ndọ̀nù, pè é ní ohun tí a lè mú kúrò. Venn gbàgbọ́ pé ìjọ tí kò ní olórí láti inú ara rẹ̀ kò tĩ dá dúró.

Crowther tìkararẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbàgbọ́ nã ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, bí a ti rò ó. Tàbí ó rí wàhálà tí mbọ̀. Venn rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà, a sì yà á sí mímọ́ ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí nwọ́n fún un. Èkó, tí í ṣe ilẹ̀ Ọba Gẹ̃sì láti 1861, kò sí nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó oníwãsù tí ó wà ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nwọ́n rán an lọ sí Odò Ọya, láàrin àwọn ènìà tí òun kò gbọ́ èdè wọn, tí ògbufọ̀ ní láti dúró láàrin wọn. Nwọ́n gbà pé dúdú lè jẹ bíṣọ́pù, bí kò bá sáà jẹ́ bíṣọ́pù òyìnbó.

Li oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dá àwọn àlùfã rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, àti Dandeson ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá nã ti kọjá 80 ọdún. A kò ní sọ pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan wà. Ṣùgbọ́n nwọn kò fi ẹ̀ṣẹ̀ nã mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó dá a. Nwọ́n fi í ṣe ẹ̀rí lòdì sí ẹ̀yà kan. Crowther kúrò nínú ìgbìmọ̀ nã. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, 1891. Ní 1893 a fi òyìnbó kan, J. S. Hill, rọ́pò rẹ̀, a sì fi Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips ṣe igbákejì. Ní 1952 ni A. B. Akínyẹlé jẹ bíṣọ́pù Ìbàdàn, ìlú tí nwọ́n kò gbà kí Crowther ṣe àkóso ní ìgbà ayé rẹ̀.

Li oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbàtí ó pé 150 ọdún tí a ti yà á sí mímọ́, nwọ́n ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú ilé Ọlọ́run ti Canterbury kannã. Justin Welby, tí í ṣe Àrchbíṣọ́pù nígbànã, wãsù níbẹ̀, ó sì tọrọ ìdáríjì fún ohun tí a ṣe sí Àjàyí.